Nígbà Tí Àgbà Olórin Wákà Bá Dìde Ní Gbangba

Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ni ti orin, nígbà tí ọjà gbówó lórí?" Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí ìyá àgbà wà, ó sì kan ilé tí ìyá àgbà ti wà rí.

Bí ẹ bá ń gbé ní Baruwa, tàbí ní Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ tí ó súnmọ́ ọn, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgandò, ẹ mọ bí òde ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé. Wọn á ta kánópì sí òpópónà, wọn á to àga rọ́bà, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí kùn lẹ́yìn ilé. Bí inú àwọn olóde bá dùn, tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin wa yóò wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ọmọdé á máa sáré kiri, àwọn ọ̀dọ́ á gbé fóònù sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìyá tí irun wọn ti funfun. Wọn á dákẹ́, wọn á fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu wọn á sì máa mì. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ọmọ-ọmọ tí ó jókòó tì wọ́n kò mọ̀ ọ́n.

Àárín ìyá tí ó mọ̀ ọ́n àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà. Bí a kò bá tètè ṣe nǹkan sí i, ìyá yóò lọ, orin yóò sì bá a lọ.

AGBO ILÉ TÍ A KÒ LÈ KÓ WÁ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe rí pẹ̀lú àwa ará Alimosho. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ yìí ju mílíọ̀nù kan lọ, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí ìkànìyàn náà ka èrò inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Àwórì ni wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìjẹ̀bú dé, Ẹ̀gbá dé, ará Ọ̀yọ́, ará Ìlọrin àti ará Ẹ̀pẹ́ dé. Àwọn mìíràn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Mushin nígbà tí àyè kò gba ìdílé wọn mọ́. Ní àdúgbò kan ṣoṣo, ẹ lè rí ọmọ ìlú mẹ́wàá.

Nígbà tí a ń kó bọ̀, a kó bẹ́ẹ̀dì, a kó àga, a kó ìkòkò. Agbo ilé nìkan ni a kò lè kó. Nínú agbo ilé ni àwọn ìyàwó ilé ti ń kọrin nígbà tí wọ́n bá ń gún iyán, tí wọ́n bá ń pọ́n ọmọ, tí wọ́n bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ọmọ kò jókòó kọ́ orin náà bí ẹni kọ́ ìwé. Ó kàn ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Lónìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ibo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ? Ó kù sí òde. Ìdí nìyí tí àgbà olórin tí ó dìde ní gbangba fi ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí agbo ilé ń ṣe tẹ́lẹ̀.

ORIN ÀWỌN ÌYÁ WA

Nínú gbogbo orin tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ní, wákà ni ó jẹ́ ti àwọn obìnrin jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá láti èdè Haúsá, orin ni ó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ó bá ẹ̀sìn wọ ilẹ̀ wa, àwọn ìyá wa sì gbà á, wọ́n fi ohùn Yorùbá sí i, wọ́n fi òwe àti oríkì kún un, títí ó fi di tiwa pátápátá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wákà kò ní ìlù púpọ̀. Àtẹ́wọ́ ni, pẹ̀lú sẹ́lí, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń gbá mọ́ra kí ó lè máa dún. Ẹnì kan á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Wọ́n ń kọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá parí Kùránì tí a sì ń ṣe wòlímọ̀ fún un, níbi nìkáà, níbi ìsọmọlórúkọ, àti nígbà tí wọ́n bá ń pàdé àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé. Wọ́n ń kọ ọ́ níbi fídáù pẹ̀lú, láti fi ìyìn fún ẹni tí ó lọ àti láti fi tu àwọn tí ó kù nínú.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa lọ láti ilé dé ilé lóru pẹ̀lú wéré, láti jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Ìdí wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí a bí ní 1948 tí ó sì kú ní 2010, ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ó tó sọ ọ́ di fújì tí gbogbo ayé mọ̀. Sákárà wà, ti Yusufu Ọlátúnjí, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Baba L'Ẹ́gbàá, tí ó kú ní 1978. Àpàlà wà, ti Hárúnà Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní 1983. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wákà ni ọmọbìnrin àárín wọn, òun sì dàgbà ju fújì lọ.

BÀTÍLÌ ÀLÀKẸ́ ÀTI SÀLÁWÀ ÀBẸ̀NÍ

Ẹni tí ó mú wákà jáde kúrò nínú agbo ilé lọ sí ìta gbangba ni Alhaja Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ń kọrin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òun sì ni olórin wákà àkọ́kọ́ tí a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Ẹ rò ó wò! Obìnrin Mùsùlùmí, ní ayé ìgbà náà, dúró níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò, ó gbé ohùn sókè, àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá nínú ilé ti di ọ̀rọ̀ tí ìlú ń gbọ́. Bàtílì papò dà ní ọdún 2013.

Ẹni tí ó tẹ̀ lé e tí orúkọ rẹ̀ sì kàn jù lọ ni Sàláwà Àbẹ̀ní. A bí i ní ọjọ́ 5 oṣù Èbìbí ọdún 1961, ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1976, Sàláwà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọdún náà gan-an ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ Leader Records, àwo ìdárò lórí ikú olórí orílẹ̀-èdè náà. Ọmọdébìnrin kan ṣọ̀fọ̀ fún orílẹ̀-èdè, àwọn àgbàlagbà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ ọbabìnrin orin wákà. Ọba náà ti wàjà ní ọdún 2022. Sàláwà fúnra rẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún ní 2021.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. Ọmọbìnrin tí àwọn ìyá wa mọ̀ bí ọmọdé ti di ìyá àgbà. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ti lọ. Ọba tí ó fi í jẹ oyè ti lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé àgbà olórin wákà kan ń bọ̀ wá kọrin ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe sọ pé, "Yóò tún wá lọ́dún tí ń bọ̀." Ọwọ́ Ọlọ́run ni ọdún tí ń bọ̀ wà.

OHUN TÍ Ẹ Ó FI ETÍ SÍ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń sọ pé orin àwọn àgbà gùn jù, pé kò yàtọ̀ síra. Wọn kò mọ ohun tí wọn ó fi etí sí ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ lè sọ ọ́ fún wọn nígbà tí ẹ bá jókòó sí òde.

Èkíní ni ìbẹ̀rẹ̀. Olórin kì í kàn bú sí orin. Yóò fi orúkọ Allah bẹ̀rẹ̀, yóò ṣe asalatu fún Ànábì wa, lẹ́yìn náà ni yóò kí àwọn àgbà àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́. Ẹ kíyèsí orúkọ àwọn tí ó ń kí. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìran rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni, àwọn òkú tí ohùn wọn ṣì wà nínú ohùn rẹ̀.

Èkejì ni àwọn elégbè. Ẹ má ṣe wo olórin nìkan. Ẹ wo àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé orin ró nígbà tí ó bá ń mí. Àgbà olórin tí ohùn rẹ̀ kò le bí ti àná mọ̀ bí yóò ti ṣe é: yóò ju ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwọn elégbè yóò sì parí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni ìlù. Lónìí, wákà ti ní gángan, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gángan kì í kàn dún, ó ń sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí olórin bá pa òwe, onílù lè tún òwe náà pa tẹ̀ lé e. Ẹ bi ọmọ yín pé, "Kí ni ìlù yẹn wí?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ìyá àgbà.

Ẹ̀kẹrin ni oríkì. Níhìn-ín ni òde gbangba ti yàtọ̀ sí àwo. Àwo ń kọ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní òde, olórin ń wo ojú. Ó rí ìyá kan tí ó jókòó lápá ọ̀tún, ẹnì kan sọ orúkọ rẹ̀ sí i létí, ó bi í ní ìlú rẹ̀, kíá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kì í ní oríkì ìlú bàbá rẹ̀. Ní Baruwa, níbi tí ọmọ ìlú mẹ́wàá ti jókòó sábẹ́ kánópì kan, ó lè kan Ìjẹ̀bú, kí ó kan Ẹ̀gbá, kí ó kan Ìlọrin láàárín wákàtí kan. Ọmọ tí a bí sí Èkó, tí kò tíì dé ìlú bàbá rẹ̀ rí, á gbọ́ oríkì ìlú rẹ̀ ní gbangba, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ni ó tún dára tó ìyẹn?

Ẹ̀karùn-ún ni ìmọ̀ràn. Ẹ máa gbọ́ ọ láàárín orin, nígbà tí ìlù bá rọlẹ̀ díẹ̀. Olórin á bá ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀, á bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀, á bá ọkọ tí kì í sùn nílé sọ̀rọ̀. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá á wí yóò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò lè dá ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ilé, tí olórin bá a sọ ọ́ ní òde, tí ọkọ rẹ̀ sì gbọ́.

Àti ní ìkẹyìn, àdúrà. Ẹ má ṣe dìde lọ kí ó tó parí. Àdúrà ni ó fi ń pa orin dé, àmín tí gbogbo òde sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà dùn ju ìlù lọ.

ỌJỌ́ KẸTA ILÉYÁ NÍ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Bí ẹ bá fẹ́ rí orin òde gbangba ní ọ̀nà tí ó tóbi, ẹ mú ìdílé yín lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti Baruwa, ẹ ó gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn dé Ṣágámù, ẹ ó sì yà sí ọ̀nà tí ó lọ sí Benin títí ẹ ó fi dé ìlú náà. Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni ó máa ń bọ́ sí.

Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ojúde Awùjalẹ̀ láti kí i àti láti dúpẹ́ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, ayẹyẹ náà ti di ti gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wọlé. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ti obìnrin àti ti ọkùnrin, á wọ aṣọ kan náà, wọn á sì jó wá síwájú ọba pẹ̀lú ìlù àti orin. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù Agẹmọ ọdún 2025, ni ó sọ ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà di ọ̀tun.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ju aṣọ lọ. Ẹ wo ìyá, ọmọ, àti ọmọ-ọmọ nínú òde kan náà. Ẹ wo bí ìyá àgbà ti ń gbé orin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ní ìgbà èwe wọn, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń gbè é, nítorí pé lọ́dọọdún ni ó ń gbọ́ ọ. A kò fi ìwé kọ́ ọ. Òde ni ó fi kọ́ ọ.

ǸJẸ́ Ó YẸ MÙSÙLÙMÍ?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò béèrè ìbéèrè yìí, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ ohun èlò orin rárá, yàtọ̀ sí ìlù aláwọ lásán ní ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún. Àwọn mìíràn sọ pé ọ̀rọ̀ inú orin àti ìwà tí ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni kí a wò.

Gbogbo wa ni a sì mọ ìtàn tí ó wà nínú àwọn hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ọmọdébìnrin méjì ń kọrin nínú ilé Ànábì lọ́dọ̀ ìyá wa Áíṣà. Abúbákárì bá wọn wí, ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀.

A kò jókòó síhìn-ín láti dá ẹjọ́ tí àwọn àáfà kò tíì parí. Kí olúkúlùkù bi àáfà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà tí kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀: bí ẹ bá lọ, ẹ wọ aṣọ tí ó bo ara. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orin gba àkókò ìrun lọ́wọ́ yín. Bí Màgàríbì bá bọ́ sí àárín òde, ẹ dìde lọ kí i. Níbi tí ọtí bá ti ń ṣàn, ẹ kó àwọn ọmọ yín kúrò. Ẹ má sì ṣe jókòó sí ìdí gbohùngbohùn, nítorí etí ọmọdé kò gba ariwo náà.

Ẹ tún rántí àwọn aládùúgbò. Aláìsàn lè wà nínú ilé kejì, ìyá ọlọ́mọ tuntun sì lè wà nínú ìkẹta. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò kéré nínú ẹ̀sìn wa. Kí àwọn olóde tètè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tètè parí.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa owó, nítorí pé olórin kò fi àtẹ́wọ́ nìkan jẹun. Nígbà kan rí, àwo ń tà, kásẹ́ẹ̀tì ń tà, olórin sì ń rí díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń da àwo kọ láìgbàṣẹ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Nígbà tí fóònù dé, kò sí ẹni tí ó ń ra àwo mọ́. Òde ni ó kù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà olórin. Bí òde kò bá sí, kò sí owó àwọn elégbè, kò sí owó onílù, ẹgbẹ́ á tú ká. Ẹgbẹ́ tí ó bá tú ká kò rọrùn láti kó jọ.

Owó níná náà ti yàtọ̀. Òfin Báńkì Àgbà Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tí ó bá ń ná náírà síni lórí, tí ó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi òfin náà ṣeré títí di ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Nítorí náà, bí olórin bá kì yín tí orí yín wú, ẹ fi owó sínú àpò ìwé, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Ó níyì ju kí a máa lẹ owó mọ́ni níwájú orí lọ. Inú olórin pàápàá yóò dùn, nítorí pé kò ní sí ẹni tí yóò tẹ owó náà mọ́lẹ̀.

NÍ ILẸ̀ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní Íjíbítì, Umm Kulthum jẹ́ ọmọ ìmáàmù abúlé kan. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní Kùránì, ó sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọmọkùnrin kí ó lè máa bá a kọrin ẹ̀sìn níbi àwọn òde abúlé. Nígbà tí ó yá, ó di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá ń jókòó ti rédíò gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ oṣù. Ó kú ní 1975, ìgboro Káírò sì kún fún èrò tí ó wá sin ín.

Ní ilẹ̀ Málì, Khaira Arby jẹ́ ohùn ìlú Timbuktu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú ìmọ̀ Mùsùlùmí tí ó lókìkí jù ní Áfíríkà. Àjọ̀dún orin kan wà ní aṣálẹ̀ ibẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, níbi tí wọ́n ti ń kọrin lórí iyanrìn lábẹ́ ìràwọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn ọlọ́tẹ̀ gba ìlú náà, wọ́n sì fi òfin de orin. Àjọ̀dún náà dúró. Khaira sá lọ sí Bamako, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 2018.

Ẹ fi tiwa wé e. A kò ní ẹni tí ó gbé ìbọn wá fi òfin de wákà. Bí ó bá parẹ́ ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ọ̀tá ni yóò pa á. Àìkọbiara wa ni.

KÍ NI KÍ A ṢE NÍNÚ ILÉ?

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù fún ìdílé kankan.

Bí ẹ bá ń lọ sí òde tí àgbà olórin ti fẹ́ kọrin, ẹ mú ọmọbìnrin kan lọ, kí ó sì jókòó ti ìyá àgbà, kì í ṣe ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù gba orin, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórin. Bí ó bá gbà, ẹ má ṣe gba ijó nìkan. Ẹ gba orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà àti orúkọ àdúgbò sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi ìyá àgbà yín pé, "Orin wo ni wọ́n kọ ní ọjọ́ nìkáà yín?" Ẹ ó rí i. Yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò ní òun ti gbàgbé, lẹ́yìn náà ni yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orin á sì jáde. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dá a di ọ̀la. Ẹ bi í ní oríkì bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè kà á.

Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa náà lè ṣe é. Nígbà tí ẹ bá ń múra wòlímọ̀ fún àwọn ọmọ ilé kéú, ẹ pe ìyá kan tí ó mọ wákà àtijọ́, kí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin kan péré. Ọdún mẹ́wàá, orin mẹ́wàá. Ìyẹn ti tó láti mú un dé ọwọ́ ìran tí ń bọ̀.

Ohùn olórin kì í ṣe ohun tí a lè sin sínú ilẹ̀ kí a padà wá hú u. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn àgbà wa ṣì ń dìde ní gbangba, ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a gbọ́, kí a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí Ọlọ́run Allah dá àwọn ìyá wa tí ó ṣì ń kọrin sí fún wa, kí ó forí jin àwọn tí ó ti lọ, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ilé wa di ilé tí a kò ti gbọ́ ohùn àgbà. Àmín.